Ṣé kí n fi iṣẹ́ ìtajà tí owó rẹ̀ dájú sílẹ̀ nítorí èyí tó ń ṣèlérí owó ńlá?

Olùbéèrè, Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ń bá ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ohun mímu àti oúnjẹ inú agolo tajà. Agbègbè tí mo ń bójú tó bẹ̀rẹ̀ láti Mọ́kọ́lá, ó gba Mọníyà kọjá, ó sì dé ìlú Ọ̀yọ́. Owó oṣù mi jẹ́ 250,000 náírà, kì í sì í yẹ̀. Wọ́n fún mi ní ọkọ̀, wọ́n ń ra epo sí i, wọ́n ń san owó ìtọ́jú ìlera fún èmi, ọkọ mi àti ọmọ wa méjèèjì, wọ́n sì ń fi owó ìfẹ̀yìntì mi ránṣẹ́ lóṣooṣù.

Ní báyìí, ilé-iṣẹ́ kan tó wà ní Ìkẹjà, tó ń ta ẹ̀rọ iná oòrùn tí gbogbo wa ń pè ní sólà, fẹ́ kí n wá máa bá àwọn tajà ní Ìbàdàn àti àyíká rẹ̀. Owó oṣù tó dájú níbẹ̀ jẹ́ 120,000 náírà. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn yóò máa fún mi ní kọmíṣọ̀n ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lórí gbogbo ohun tí mo bá tà. Ọ̀gá tó bá mi sọ̀rọ̀ sọ pé òǹtajà tó bá já fáfá ń mú 700,000 náírà lọ sílé lóṣù. Kò sí ọkọ̀, kò sì sí owó epo. Olùkọ́ ni ọkọ mi. Owó ilé àti owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ni owó oṣù tirẹ̀ ń bá lọ, tèmi ni a fi ń jẹun, tí a sì ń fi ṣe gbogbo nǹkan yòókù. Iṣẹ́ tí mo wà yìí kò burú, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan láti ìgbà tí ọjà ti gbówó lórí, mo sì mọ ara mi ní ẹni tó mọ ọjà tà. Bí ẹ bá wà ní ipò mi, kí ni ẹ máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Ẹni tó ń ta sólà, Èkó

Arábìnrin wa, ẹ kú ìrònú. Irú iṣẹ́ tí wọ́n ní kí ẹ wá ṣe yìí ni mo ń ṣe, n kò sì ní sọ fún yín pé kò sí owó níbẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ó kéré tán ogún wákàtí lójúmọ́, sì fò láti nǹkan bíi 68 náírà sí 225 náírà fún kílówáàtì-wákàtí kan ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àwọn tí kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ sólà sétí tẹ́lẹ̀ ló ń fi ẹsẹ̀ ara wọn wá bá wa: ilé ìwòsàn aládàáni, ilé-ìwé, àwọn tó ń ta ẹja inú yìnyín, títí kan àwọn aránṣọ. Ṣùgbọ́n 700,000 tí wọ́n dá lé yín lórí yẹn, ẹ jẹ́ ká jókòó ká ṣírò rẹ̀.

Ẹ yọ 120,000 kúrò nínú rẹ̀, ó ku 580,000 tí kọmíṣọ̀n gbọ́dọ̀ mú wá. Ká ní ohun tí ilé kan máa rà, ìyẹn ínfátà, bátìrì àti páńẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú owó àwọn tó máa tò ó, jẹ́ 3,500,000 náírà. Ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ 105,000. Ó túmọ̀ sí pé ẹ ní láti ta mẹ́fà lóṣù kí owó yín tó kọjá 700,000. Ènìyàn lè ta mẹ́fà lóṣù kan. Kí ó tún ta mẹ́fà lóṣù tó tẹ̀ lé e àti èyí tó tún tẹ̀ lé ìyẹn ni ọ̀rọ̀ wà.

Ìṣirò kejì ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ fi 120,000 wé 250,000, ẹ ó rí i pé 130,000 ti lọ. Epo àti owó ọkọ̀ tí ilé-iṣẹ́ yín ń san nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká fi í sí 60,000, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń lọ sí Ọ̀yọ́ tó ń bọ̀ lè ná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Owó ìfẹ̀yìntì tí agbanisíṣẹ́ ń fi kún tiyín, ẹ fi í sí 20,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 210,000, èyí tó jẹ́ kọmíṣọ̀n ẹ̀rọ méjì gééré, a kò sì tíì mẹ́nu kan owó ìtọ́jú ìlera ènìyàn mẹ́rin. Nítorí náà, bí ẹ bá ta ẹ̀rọ méjì lóṣooṣù láìyẹ oṣù kan, ibi tí ẹ wà lónìí gan-an ni ẹ ṣì máa wà. Láti orí ẹ̀kẹta ni èrè ti bẹ̀rẹ̀.

Mo tún fẹ́ kí ẹ mọ bí ọjà yìí ṣe ń lọ, nítorí kò jọ títa páálí ohun mímu fún ìyá aláṣọ̀ọ́bù tó mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ òun yóò tún rà. Oníbàárà yóò pè yín, ẹ ó lọ sí ilé rẹ̀, ẹ ó ka iye fìríìjì, fáànù, ẹ̀rọ omi àti ẹ̀rọ amúlétutù tó ní, ẹ ó wo òrùlé rẹ̀ bóyá ó lè gba páńẹ́ẹ̀lì, ẹ ó sì kọ iye tó máa ná an fún un. Yóò mú ìwé náà, yóò gbé e lọ sí Alábà tàbí kí ó fi í han àbúrò rẹ̀ tó mọ nípa iná, wọn yóò sì sọ fún un pé owó yín ti pọ̀ jù. Nígbà mìíràn, láti ọjọ́ tó pè yín dé ọjọ́ tó san owó, oṣù kan ti kọjá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ ẹrù wa ti ń wá, Ṣáínà ló sì pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí náà, bí náírà bá já lulẹ̀ láàárín àkókò yẹn, bí ó ti já láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 nígbà tí wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ fún ọjà, iye tí ẹ kọ fún un kò ní dúró mọ́, òun náà yóò sì ní kí òun ṣì ní sùúrù ná. Owó ọkọ̀ tí ẹ ti ná lórí rẹ̀ kò ní padà sọ́wọ́ yín.

Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan pàtó: ìgbà wo ni kọmíṣọ̀n ń wọlé? Ṣé nígbà tí oníbàárà bá san owó àkọ́kọ́ ni, àbí nígbà tó bá san kọ́bọ̀ tó kẹ́yìn? Púpọ̀ nínú àwọn oníbàárà ló ń san díẹ̀díẹ̀. Kí ẹ tó fún wọn lésì rárá, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ bá méjì nínú àwọn tó ń tajà fún wọn báyìí sọ̀rọ̀, kí ẹ sì béèrè iye tí wọ́n gbà lóṣù tó burú jù lọ́dún tó kọjá. Oṣù tó dára jù ni ọ̀gá máa ń sọ.

Ìyá oníṣòwò, Gbági

Ọmọ mi, mo gbọ́ ìṣirò ọ̀gbẹ́ni yẹn, ó sì dùn mọ́ mi nínú. Ohun tí mo fẹ́ bi ọ́ nìyí: tí o bá ṣe oṣù mẹ́rin tí o kò ta ju ẹyọ kan lọ, kí ni ẹ ó jẹ? Ka owó oúnjẹ, owó iná, owó oògùn, owó tí ò ń fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí ẹ̀yin méjèèjì, kí o sì mọ iye tí ilé rẹ ń ná lóṣù kan. Owó tó tó oṣù mẹ́fà ni kí o ti ní nípamọ́, kí ó má sì jẹ́ owó àjọ tí kò tíì kàn ọ́ ni o máa gbẹ́kẹ̀ lé. Bí o bá jẹ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní gbèsè, kọ́kọ́ bọ́ nínú rẹ̀, nítorí inú owó oṣù ni wọ́n ti ń yọ ọ́, àwọn tó dúró fún ọ ni wọ́n sì máa dì mú bí owó kò bá wọlé mọ́. Mo ti rí ẹni tó bá ọ̀rẹ́ àtọjọ́mọ́jọ́ jà lórí irú ọ̀rọ̀ yìí.

Kí ọkọ rẹ sì mọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe iye tí wọ́n ṣèlérí nìkan. Oṣù tí kò bá sí owó, òun náà ni yóò bá ọ gbé e.

Akáúńtáńtì, Abẹ́òkúta

Mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì, nítorí àwọn tó ń pààrọ̀ iṣẹ́ kì í sábà kà á mọ́ owó. Òfin Àtúnṣe Owó Ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 sọ pé ilé-iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ máa san ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, kí òṣìṣẹ́ sì san ìdá mẹ́jọ, lórí àpapọ̀ owó oṣù gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí wọ́n bá san owó oṣù ni owó náà gbọ́dọ̀ ti dé àpò ìfẹ̀yìntì yín. Òfin kan náà ló ní kí agbanisíṣẹ́ ra adójútòfò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, èyí tí kò gbọ́dọ̀ dín sí ìlọ́po mẹ́ta owó tó ń gbà lọ́dún kan. Ẹ béèrè iye òṣìṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ tuntun yìí ní. Bí wọ́n bá tilẹ̀ ń san owó ìfẹ̀yìntì, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ orí 120,000 yẹn nìkan ni wọ́n máa ṣírò rẹ̀ lé, kí kọmíṣọ̀n má sí níbẹ̀ rárá. Bí ẹ bá sì ń gba owó ńlá lónìí láìsí pé ẹ ń fi díẹ̀ pamọ́ fúnra yín, ọjọ́ ogbó ni yóò hàn.

Èyí tí ẹ ti kó jọ kò ní sọnù, nítorí nọ́ńbà ìfẹ̀yìntì yín ń bá yín lọ síbikíbi tí ẹ bá lọ. Bí iṣẹ́ tuntun bá sì bọ́ lọ́wọ́ yín, tí ẹ kò tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún, tí oṣù mẹ́rin sì kọjá láìrí òmíràn, òfin gbà kí ẹ béèrè fún ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ má kà á mọ́ owó tí ẹ ó fi gbáradì o. Oṣù mẹ́rin gùn fún ilé tó ń jẹun.

Ní ti owó orí, kọmíṣọ̀n kò yàtọ̀ sí owó oṣù lójú òfin. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026 tí òfin tuntun ti bẹ̀rẹ̀, wọn kì í gba nǹkan kan lórí 800,000 náírà àkọ́kọ́ lọ́dún, wọ́n ń gba ìdá 15 nínú 100 lórí 2,200,000 tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ó bọ́ sí ìdá 18. Ẹni tó bá ń gba 700,000 lóṣù yóò dé ibi ìdá 18 yẹn dáadáa. Nítorí náà, kò sí bí 700,000 ṣe máa jẹ́ 700,000 tó délé.

Ẹni tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kógbá wọlé, Èkó

Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo ohun tí ẹ ti sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé a ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé iṣẹ́ tí arábìnrin wà lónìí kò lè yẹ̀. Oògùn ni mo ń tà fún ilé-iṣẹ́ ńlá kan, ẹni gbogbo ló sì ń sọ pé mo ti rí iṣẹ́ tí mo máa ṣe títí dé ìfẹ̀yìntì, títí di ọjọ́ tí wọ́n pè wá sí ìpàdé ìdágbére. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, GlaxoSmithKline Consumer Nigeria kéde pé òun ń dáwọ́ iṣẹ́ dúró; ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, Procter & Gamble kéde pé òun kò ní máa ṣe ọjà ní Nàìjíríà mọ́, pé òun yóò máa kó o wọlé ni. Bí owó ilẹ̀ òkèèrè ṣe wọ́n tó sì ṣòro láti rí ló wà nídìí rẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó ń ra agolo àti èròjà láti òkè òkun náà kò sì bọ́ nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ wo ibi tí ẹ wà pẹ̀lú ojú kan náà tí ẹ fi ń wo ibi tí ẹ ń lọ. Ṣé ilé-iṣẹ́ yín ṣì ń gba òṣìṣẹ́ tuntun? Nígbà tí òǹtajà kan bá kúrò, ṣé wọ́n ń fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, àbí agbègbè rẹ̀ ni wọ́n ń dà lé yín lórí? Ṣé tágẹ́ẹ̀tì yín ń ga sí i nígbà tí owó oṣù dúró lójú kan? Ṣé àwọn alágbàtà ńlá yín ṣì ń rí ẹrù gbà lásìkò? Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ọkọ̀ náà ló máa kọ́kọ́ rí i. Bí ìdáhùn wọ̀nyí kò bá dára, dídúró náà jẹ́ ewu, ó kàn jẹ́ ewu tí a ti mọ́ lára ni.

Ẹ̀kọ́ tí sólà máa kọ́ yín tún jẹ́ owó tí ẹnikẹ́ni kò tíì kà: ẹni tó ti ta ohun olówó ńlá fún onílé àti fún ilé ìwòsàn yóò rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Agbẹjọ́rò, Ìbàdàn

Ọ̀rọ̀ mi dá lórí ìwé. Àkọ́kọ́, ẹ wo bí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ wọn ṣe pè yín. Bí ó bá pè yín ní òṣìṣẹ́, ẹ ní ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́. Bí ó bá pè yín ní aṣojú olómìnira tó ń gba kọmíṣọ̀n, wọ́n lè sọ pé owó ìfẹ̀yìntì, adójútòfò àti owó gbà-má-bínú fún ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó wà lábẹ́ òfin ọdún 2010, kò kàn wọ́n, bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀nà ni ẹ ó máa wà lójoojúmọ́.

Èkejì, Òfin Iṣẹ́ ní apá keje fún agbanisíṣẹ́ ní oṣù mẹ́ta láti fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tó sọ àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ẹ má dúró de oṣù mẹ́ta. Kí ìdá kọmíṣọ̀n, ọjọ́ tí wọ́n ń san án, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí oníbàárà bá dá ẹrù padà, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí kọmíṣọ̀n tí wọ́n jẹ yín bí ẹ bá kúrò, wà nínú ìwé kí ẹ tó fi iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá fi ẹnu sọ lórí fóònù kò ní gbè yín bí ọ̀gá mìíràn bá gba ipò rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí ọ̀pọ̀ kì í rò. Apá ogún òfin yẹn kan náà sọ pé bí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, ẹni tó dé kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ lọ, bí wọ́n bá ti gbé ìmọ̀ iṣẹ́, agbára àti ìṣeégbẹ́kẹ̀lé yẹ̀ wò. Níbi tí ẹ wà, ọdún tí ẹ ti lò lè dáàbò bò yín díẹ̀, bí òfin náà bá ka òǹtajà tó ń rìn káàkiri bíi tiyín mọ́ òṣìṣẹ́. Ní ibi tuntun, ẹ̀yin lẹ ó dé kẹ́yìn.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ kúrò, ẹ wo iye ọjọ́ ìfitónilétí tó wà nínú lẹ́tà yín. Ìyẹn ni ẹ ó kọ́kọ́ tẹ̀ lé. Òfin ní ọ̀sẹ̀ méjì fún ẹni tó ti lo ọdún méjì sí márùn-ún, ó sì ní oṣù kan fún ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tún lọ wo orúkọ ilé-iṣẹ́ tuntun náà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ mọ ìgbà tí wọ́n dá a sílẹ̀.

Òǹtajà bíi tiyín, Òṣogbo

Ṣé kò ṣeé ṣe kí wọ́n jẹ́ kí ẹ máa mú oníbàárà wá fún wọn lọ́jọ́ Sátidé ná, kí wọ́n máa fún yín ní nǹkan lórí rẹ̀, kí ẹ fi mọ̀ bóyá Ìbàdàn á rà lọ́wọ́ yín?

Agbẹjọ́rò, Ìbàdàn

Ó ṣeé ṣe, bí lẹ́tà iṣẹ́ tí ẹ wà báyìí kò bá kọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà ló ní kí òṣìṣẹ́ má ṣe iṣẹ́ mìíràn tó ń mówó wọlé láìgba àṣẹ. Ẹ kà á dáadáa, kí ẹ má sì fi ọkọ̀ tàbí epo ilé-iṣẹ́ ṣe é, nítorí ìyẹn nìkan tó láti lé ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Olùbéèrè, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run yóò máa bá yín gbé e. Mo ti bá ẹnì kan tó ń tajà fún wọn ní ìpínlẹ̀ Ògùn sọ̀rọ̀. Ó sọ òótọ́ fún mi: ó ní oṣù kan wà tí òun kò ta ẹyọ kan, àti pé oṣù tí òun ta márùn-ún, kọmíṣọ̀n méjì nínú rẹ̀ kò wọlé àfi lẹ́yìn oṣù méjì nítorí oníbàárà ń san díẹ̀díẹ̀. Síbẹ̀, ó ní òun kò ní padà sí iṣẹ́ tí òun ń ṣe tẹ́lẹ̀. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó ní ọdún ni òun fi ń ṣírò, òun kì í fi oṣù ṣírò mọ́.

Èmi àti ọkọ mi ti ka ohun tí ilé wa ń ná. Ohun tí a ní nípamọ́ kò ju ti oṣù mẹ́ta lọ, mo sì ṣì jẹ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní owó tí yóò tán ní ìparí ọdún. Ní ti ìbéèrè ẹni tó wà ní Èkó, agbègbè òǹtajà méjì tó ti lọ ti wà lọ́wọ́ mi, ẹnikẹ́ni kò sì rọ́pò wọn. Ìdáhùn yẹn kò jẹ́ kí n sùn dáadáa.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe nìyí: mo ń kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ sólà pé kí wọ́n fi 200,000 ṣe owó oṣù mi fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, kí ó tó padà sí 120,000, kí ìdajì kọmíṣọ̀n wọlé nígbà tí oníbàárà bá san owó àkọ́kọ́, kí wọ́n sì máa fún mi ní owó epo fún ìrìn tó bá kọjá Ìbàdàn. Bí wọ́n bá gbà á sínú ìwé, mo máa lọ lẹ́yìn tí gbèsè alájẹṣẹ́kù bá tán. Bí wọ́n bá kọ̀, mo máa dúró, ṣùgbọ́n mo máa bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ mìíràn láti ibi tí mo wà.

Ẹni tó ń ta sólà, Èkó

Ìbéèrè yín mọ́gbọ́n dání, ilé-iṣẹ́ tó bá mọ iyì ẹni tó mọ Ìbàdàn yóò dá yín lóhùn lórí ó kéré tán méjì nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n máa jà lé lórí jù ni ìdajì kọmíṣọ̀n yẹn, nítorí owó àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń ra ẹrù. Bí wọ́n bá takú, ẹ ní kí wọ́n san án lọ́jọ́ tí wọ́n bá tò ó tán tí iná sì tàn, kí ó má dúró de owó tó kù, nítorí gbígba gbèsè yẹn kì í ṣe iṣẹ́ yín, iṣẹ́ àwọn ará ọ́fíìsì ni. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn náà wà nínú ìwé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fèsì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ síbí kí a jọ wò ó kí ẹ tó bu ọwọ́ lù ú.